Lẹ́tà Jeremáyà sí Àwọn Ará Ẹ̀yìn Odi

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún Ọjọ́ Ìsinmi Kẹtàlélọ́gbọ̀n nínú Àkókò Déédéé, Ọdún C, 16 oṣù kọkànlá, 2025

  Ọdún Ìjọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lẹ́yìn òní, ó ku Ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe ọdún Jésù Kristi Ọba gbogbo ayé, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ọdún mìíràn ní ọjọ́ 30 oṣù yìí pẹ̀lú àkókò tí a fi ń múra sílẹ̀ de bíbọ̀ Olúwa.

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tí ẹ máa ń bi mí léèrè rẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ẹsẹ náà ni Jeremáyà 29:11. Ó wà lára kàlẹ́ńdà, ó wà nínú ìwé ìpè ìgbéyàwó, ó wà lẹ́yìn àwọn bọ́ọ̀sì tí ń ná Nyanya sí Wuse. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti fi àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé ire ni òun ní lọ́kàn sí wọn, àti pé ọjọ́ ọ̀la wọn kò ní ṣófo. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹsẹ yìí gan-an ni Ìjọ fi ṣí ilẹ̀kùn Mísà òní. Òun àti àwọn ẹsẹ díẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni ó wà nínú Ìwé Mísà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìwọlé fún Ọjọ́ Ìsinmi Kẹtàlélọ́gbọ̀n, lọ́dọọdún. A kì í sábà gbọ́ ọ, nítorí pé orin mìíràn ni àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa máa ń kọ nígbà tí àlùfáà bá ń wọlé. N kò bá wọn jà. Orin náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè: èéṣe tí Ìjọ fi gbé ọ̀rọ̀ ìtùnú yìí sí òpin ọdún, ní ọjọ́ tí Ìyìnrere ń sọ nípa ògiri tí yóò wó, nípa ogun, ìyàn àti inúnibíni? Èéṣe tí kò fi sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, nígbà tí gbogbo ayé ń wá ọ̀rọ̀ ìlérí kiri?

Kì í ṣe ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni èyí. Mo mọ ìdílé kan ní ìlú yìí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ baba wọn. Ẹnì kan ka ẹsẹ 11 yìí sí wọn létí, ó sì fi ọjọ́ sí i: ó ní láàárín 90 ọjọ́, wọn yóò ti máa gbé ní òkè òkun. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ta ẹrù ilé. Wọ́n yọ àwọn ọmọ kúrò ní ilé ìwé, nítorí pé kí ni wọ́n tún fẹ́ sanwó ilé ìwé fún? Ọmọbìnrin wọn àgbà, tí ìdánwò àṣejáde girama rẹ̀ ku oṣù díẹ̀, kò jókòó fún un. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ pé, ó kọjá. Ọdún kan pé, ó kọjá. Nígbà tí ìyá náà wá bá mi, kò béèrè owó. Ó ní, “Fadá, ṣé Ọlọ́run ni kò mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ ni, àbí ìgbàgbọ́ tiwa ni kò tó?”

Ẹ̀yin ará, kò sí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Wọ́n ka ẹsẹ 11 fún wọn, wọn kò ka ẹsẹ 10. Ẹsẹ 10 kò sọ 90 ọjọ́. Àádọ́rin ọdún ni ó sọ.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí Ìjọ ṣe ń ka Ìwé Mímọ́ láàárín ọdún. Ṣáájú 1969, ọdún kan péré ni ètò ẹ̀kọ́ kíkà fi ń yí po. Ohun tí ẹ bá gbọ́ lọ́dún yìí ni ẹ óò tún gbọ́ lọ́dún tí ń bọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ Májẹ̀mú Láéláé ní Ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn baba Àpérò Fátíkàn Kejì, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lórí ìsìn mímọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá 1963, pàṣẹ pé kí a ṣí àpótí ìṣúra Bíbélì sílẹ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti inú àṣẹ yìí ni ètò ọlọ́dún mẹ́ta ti jáde ní 1969: Mátíù fún Ọdún A, Máàkù fún Ọdún B, Lúùkù fún Ọdún C, tí Jòhánù sì ní ààyè tirẹ̀, pàápàá ní Lẹ́ńtì àti lẹ́yìn Àjíǹde. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọdún tí a wà láìbi ẹnikẹ́ni, ẹ pín iye ọdún náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí kò bá sí ohun tí ó ṣẹ́kù, ọdún Lúùkù ni. Ẹ pín 2025 wò: 675 ni, kò ṣẹ́kù.

Ní Àkókò Déédéé, nítorí Ìyìnrere ni a ṣe ń yan ẹ̀kọ́ kìíní. Àwọn méjèèjì dà bí ìyá ìlù àti omele. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì ní tirẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ka lẹ́tà kan ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà kò yẹ kí oníwàásù fi tipátipá so ó mọ́ àwọn yòókù. Àkókò tí a wà nínú ọdún náà sì ní ohùn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àìsáyà tí ẹ gbọ́ ní ìmúrasílẹ̀ Kérésìmesì kì í dún bákan náà bí ẹ bá gbọ́ ọ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ẹni tí ó bá fa ẹsẹ kan yọ kúrò láàárín gbogbo ìwọ̀nyí dà bí ẹni tí ó gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ó sì sáré lọ ròyìn gbogbo ìpàdé.

(Mo fẹ́ sọ ohun kékeré kan fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá ẹ̀kọ́ náà nílé kí ẹ tó wá sí Mísà. Ẹ̀kọ́ kìíní ti òní ni a pè ní Málákì 3:19-20. Ẹni tí ó bá ṣí Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kò ní rí i, nítorí pé orí kẹta níbẹ̀ parí sí ẹsẹ 18. Ẹ má rò pé wọ́n yọ ọ́ sọnù. Ẹ lọ sí orí kẹrin, ẹsẹ 1 àti 2. Bí a ṣe pín orí ni ó yàtọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀.)

Ó di ọ̀dọ̀ Jeremáyà. Ní nǹkan bí ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi, Nebukadinésárì ọba Bábílónì kó ọba Jekonáyà, ìyá ọba, àwọn ìjòyè, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn alágbẹ̀dẹ kúrò ní Jerúsálẹ́mù. Ẹ wo irú ènìyàn tí ó kó: àwọn olóye àti àwọn tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Tẹ́ḿpìlì kò tíì wó nígbà náà. Jeremáyà wà nílé. Àwọn ará rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ mọ̀: ìgbà wo ni a óò padà?

Orí kejìdínlọ́gbọ̀n ni ẹ ti máa rí ẹni tí ó kọ́kọ́ dá wọn lóhùn. Hananáyà ni orúkọ rẹ̀, wòlíì ará Gíbéónì. Nínú tẹ́ḿpìlì, níwájú àwọn àlùfáà, ó kéde pé ọdún méjì péré ni, gbogbo ènìyàn yóò ti padà dé. Àjàgà igi wà ní ọrùn Jeremáyà nígbà náà láti fi ṣe àpẹẹrẹ ìgbèkùn; Hananáyà já a gbà, ó sì ṣẹ́ ẹ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ lè fojú inú wo bí àwọn èrò yóò ti pàtẹ́wọ́ tó! Ìdáhùn Jeremáyà ni ó máa ń yà mí lẹ́nu nígbàkígbà tí mo bá kà á. Kò bínú. Àmín ni ó kọ́kọ́ ṣe. Òun náà fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ta ni yóò fẹ́ kí ẹrú ará rẹ̀ pẹ́? Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí ọkàn ènìyàn fẹ́ lè yàtọ̀ sí ohun tí Ọlọ́run rán ni. Hananáyà kò lo ọdún méjì tí ó dá. Oṣù keje ọdún náà ni ó kú.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà wá tẹ̀ lé e ní orí kọkàndínlọ́gbọ̀n. Àwọn ikọ̀ ọba ni ó mú un lọ sí Bábílónì. Bí ẹ bá ti gba lẹ́tà láti ilé rí nígbà tí ẹ wà ní ìlú onílùú, ẹ óò mọ bí wọn yóò ti sáré ṣí i. Kí ni wọ́n bá nínú rẹ̀? Pé kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n máa gbé inú rẹ̀. Kí wọ́n dá oko, kí wọ́n jẹ èso rẹ̀. Kí wọ́n fẹ́ ìyàwó, kí wọ́n sì fẹ́ ìyàwó fún àwọn ọmọ wọn. Kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lọ, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún un. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àwọn wòlíì tí ó wà láàárín wọn tàn wọ́n jẹ. Lẹ́yìn náà ni 70 ọdún, ẹ̀yìn 70 ọdún ni ẹsẹ 11.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 30 ọdún nígbà tí lẹ́tà náà dé yóò ti pé 100 ọdún kí àkókò náà tó pé. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú náà kú sí Bábílónì, wọ́n sì sin wọ́n síbẹ̀. Jeremáyà mọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi mẹ́nu kan ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ìlérí náà kò já sí asán fún àwọn tí ó kú síbẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn náà lápapọ̀ ni a ṣe é fún. Níhìn-ín, èdè wa ràn wá lọ́wọ́ ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹni tí ó bá kà á ní Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé òun nìkan ṣoṣo ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀. Bíbélì Yorùbá lo “yín” níbẹ̀, kò lo “ọ”. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a ń bá wí.

Inú gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó dùn sí lẹ́tà náà. Ṣemáyà kan, tí ó wà ní Bábílónì, kọ̀wé padà sí àlùfáà ní Jerúsálẹ́mù láti béèrè ìdí tí wọn kò fi tíì bá Jeremáyà wí, nígbà tí ó ní ìgbèkùn yóò pẹ́. Àwa tí a ń wàásù mọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ohun mìíràn wà tí ó farasin nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà, ṣàlómù, ni ó wà ní ẹsẹ 7 níbi tí a ti ní kí wọ́n wá ire ìlú náà, òun náà ni ó sì wà ní ẹsẹ 11 níbi tí Ọlọ́run ti sọ èrò rẹ̀. Àwọn Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì kan lo ọ̀rọ̀ méjì tí ó yàtọ̀, ìsopọ̀ náà sì já. Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, tí ó jáde lódindi ní 1884, fi “àlàáfíà” sí ibi méjèèjì. Ìsopọ̀ náà wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí i: àlàáfíà tí Ọlọ́run ń rò sí yín, inú àlàáfíà ìlú tí ẹ ń gbé ni ó gbé e pamọ́ sí. Crowther kì í ṣe ará Ìjọ Kátólíìkì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fún ẹni tí ọlá yẹ ní ọlá rẹ̀. Òun náà mọ ohun tí ìgbèkùn jẹ́. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Britain gbà á sílẹ̀, ó sì dé Freetown ní 1822. Níbẹ̀, ní ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó kàwé, ó gbéyàwó, ó bímọ. Ọdún 25 lẹ́yìn tí a kó o ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní 1846. Kì í ṣe ẹni tí ó jókòó ti ẹrù rẹ̀ ní etíkun tí ó ń retí ọkọ̀ ni ó túmọ̀ Bíbélì fún wa.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ Ìyìnrere òní, Lúùkù 21:5-19. Àwọn kan ń yin tẹ́ḿpìlì, òkúta rẹ̀ tí ó rẹwà. Jésù ní gbogbo rẹ̀ yóò wó, ó sì wó lóòótọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù pa Jerúsálẹ́mù run ní ọdún 70. Ìbéèrè àwọn ènìyàn kò yàtọ̀ sí ti àwọn ará Bábílónì: ìgbà wo ni? Jésù kò fún wọn ní ọjọ́. Ìkìlọ̀ ni ó kọ́kọ́ fún wọn, nípa àwọn tí yóò wá ní orúkọ òun tìkára rẹ̀ tí wọn yóò máa wí pé àkókò ti tó. Ó ní kí wọ́n má tẹ̀ lé wọn. Ohun tí ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìfaradà.

Ẹ̀kọ́ kejì, láti inú lẹ́tà kejì sí àwọn ará Tẹsalóníkà, 3:7-12, ni a sábà máa ń ṣì lò. Níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti pàṣẹ nípa ẹni tí ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ tí ó sì fẹ́ jẹun. Ní ọdún mìíràn, à bá ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà wọ́n pé ọjọ́ Olúwa ti dé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 2 oṣù yìí bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi, ìrántí gbogbo àwọn onígbàgbọ́ tí ó ti kú ni a ṣe. Ọjọ́ 9 sì jẹ́ àjọ̀dún ìyàsímímọ́ Bàsílíkà Látéránì. Nítorí náà òpin lẹ́tà ni a kàn bá lójijì. Lójú èmi, bí a bá fi òpin mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí Pọ́ọ̀lù ń bá wí kì í ṣe ọ̀lẹ lásán: wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ti dá ọjọ́ fún wọn. Ẹni tí ó wá iṣẹ́ tí kò rí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Òní yìí kan náà sì ni Ọjọ́ Àwọn Tálákà Àgbáyé, tí Póòpù Francis dá sílẹ̀ ní 2016. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ yìí lé alágbe kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Hananáyà dá ọdún méjì. Àwọn ará Tẹsalóníkà gbọ́ pé ọjọ́ ti dé. Àwọn tí Jésù kìlọ̀ nípa wọn ní àkókò ti tó. Ìdí nìyí, lójú tèmi, tí ọ̀rọ̀ Jeremáyà fi bá òpin ọdún mu ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ fún àwọn tí yóò dúró pẹ́ ni.

Àwa náà ń kọ́? Òfin ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976 ni ó dá agbègbè olú-ìlú yìí sílẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991 sì ni ìjọba kó wá síbẹ̀ pátápátá. A mọ àwọn Gbagyi tí ó ni ilẹ̀ ṣáájú wa, tí a sì ṣí ọ̀pọ̀ nínú wọn nípò nítorí tiwa. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti lo 20 ọdún ní Kubwa tàbí Lugbe bí ẹni tí ó wà ní ibùdókọ̀. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé párísì. Ìkórè ilé nìkan ni wọ́n ń dá owó sí. Wọn kò mọ orúkọ aládùúgbò wọn, wọn kò sì gbàdúrà fún ìlú yìí rí àfi ìgbà tí ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja kò bá dára. Mo mọ̀ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. N kò ní kí ẹ má lọ sí ilé ní Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n ẹ wo Kádínà Dominic Ekandem. Ó ti lé ní 60 ọdún nígbà tí Róòmù dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ Àbújá sílẹ̀ ní 1981 tí ó sì fi í ṣe olórí rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Ìbíbíò ni, ọ̀nà rẹ̀ jìn sí ibí. Ó kọ́lé síbẹ̀, ó dáko síbẹ̀, bí Jeremáyà ti wí. Kádínà John Onaiyekan, ọmọ Kábà, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́ jinlẹ̀ ní Róòmù, ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbìn ni à ń jẹ lónìí.

Ní ti ìdílé tí mo sọ, ìyá náà àti èmi jọ ka orí kejìdínlọ́gbọ̀n àti ìkọkàndínlọ́gbọ̀n tán, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí a dé ẹsẹ 10. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò ọmọ rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ó ti parí. A fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ de ti ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó sì jókòó fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ọdún Kristi Ọba, ẹ̀kọ́ tí a óò gbọ́ ni Sámúẹ́lì Kejì 5:1-3, Kólósè 1:12-20 àti Lúùkù 23:35-43. Ẹ kà wọ́n nílé, kí ẹ sì wo ìdí tí Ìjọ fi fi ọlọ́ṣà orí àgbélébùú parí ọdún Lúùkù. Ibẹ̀ ni a óò ti bẹ̀rẹ̀. Kí Olúwa wà pẹ̀lú yín.